Dírìlì Alábátìrì Tó Fúyẹ́: Bí A Ṣe Ń Yàn Án, Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Ọ̀pọ̀ ihò tí a máa ń lu nínú ilé kò ju mílímítà 8 lọ: ihò tí a fi ń gbé pákó ìkó-nǹkan-sí kọ́ ní ilé ìdáná, ihò irin kọ́tìnì, ihò àgádágodo ilẹ̀kùn, ihò súkúrù àga tó ti ń mì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń béèrè ẹ̀rọ oníkílò mẹ́ta. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọ ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ tó ní òun ń wá perceuse sans fil (dírìlì alábátìrì), èyí tó tóbi jù, tí nọ́ńbà gàgàrà wà lára rẹ̀, ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó tó kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló wà nínú bátìrì lítíọ́ọ̀mù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ volt 3.6. Bí wọ́n bá to mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, volt 10.8 nìyẹn, tí wọ́n bá kún, wọ́n á fi díẹ̀ kọjá 12, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ 12V sí i. Márùn-ún jẹ́ volt 18. Tí wọ́n bá kún, wọ́n á dé 20 tàbí 21. Nítorí náà, tí ilé iṣẹ́ kan bá kọ 18V tí òmíràn sì kọ 20V, ohun kan náà ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n 48V tàbí 88V tí wọ́n tẹ̀ sára bátìrì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irọ́ gbuu ni. Sẹ́ẹ̀lì 13 ni volt 48 ń gbà, ike yẹn kò sì lè gba ìlàjì rẹ̀. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ẹni tó ń ta ẹran nítòsí: sẹ́ẹ̀lì kan wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 45, nítorí náà bátìrì 18V gidi, pẹ̀lú ike àti irin inú rẹ̀, kò yẹ kó fúyẹ́ ju gíráàmù 300 lọ. Bí ó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ò sí níbẹ̀ tó yẹ kó wà.

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé volt ni Ah, òun ló ń sọ bí iná tó wà nínú bátìrì ṣe pọ̀ tó. Ah 2 tó fún iṣẹ́ ilé. Ah 4 máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ náà ń lé sí i, dírìlì tí a rà torí pé ó fúyẹ́ á wá di ẹrù.

Dírìlì 12V pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi kílò kan lọ. Ti 18V tí ara rẹ̀ kéré máa ń tó kílò kan àbọ̀. Lórí tábìlì, ìyàtọ̀ yẹn ò jọ ohun tó ṣe pàtàkì. Ẹni tó dúró lórí àkàbà, tó na ọwọ́ sókè tó ń yí súkúrù mọ́ àjà, ló mọ̀ ọ́n. Agbára ìlọ́ (Nm, ìyẹn newton-mítà, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) ti 12V wà láàárín Nm 25 sí 35, ti 18V kékeré sì lè dé Nm 40 sí 60. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn pákó nípọn tàbí tó ń gun òrùlé lójoojúmọ́, kó ra 18V. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ilé ara rẹ̀ lọ, 12V oníbátìrì méjì dára fún un ju 18V oníbátìrì kan lọ, pàápàá níbi tí SBEE, ilé iṣẹ́ iná Benin, ti lè mú iná lọ kí iṣẹ́ tó parí: bí ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́, èkejì ti kún sílẹ̀.

Ẹ yẹ ṣájà wò kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá gba Ìgòlò wọlé láti Nàìjíríà sábà máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin, kò lè wọ ihò iná Benin tó jẹ́ roboto méjì. Ohun ìpààrọ̀ ẹsẹ̀ lásán ló nílò, nítorí iná orílẹ̀-èdè méjèèjì sún mọ́ra. Ti tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni kí ẹ bẹ̀rù. Iná 120 volt ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún, tiwa sì jẹ́ 220. Tí a bá kì í bọ̀ ọ́, èéfín ló máa kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn ṣájà níbi tí wọ́n kọ INPUT sí: bí ó bá jẹ́ 100–240V tàbí 220–240V, ó dára. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ fi sílẹ̀ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ní ìsọ̀ náà, ẹ ní kí wọ́n fi mèche (irin tó ń luhò) gígùn tó tín-ín-rín sẹ́nu dírìlì náà, kí ẹ sì fi ìka tẹ bọ́tìnì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tó dára máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á máa yára bí ìka ṣe ń tẹ̀ sí i; èyí tó bá fò lẹ́ẹ̀kan náà kò ní ṣeé darí lórí súkúrù. Ẹ wo ṣóńṣó mèche náà bó ṣe ń yí: bí ó bá ń jó, tí ó ń ya òbìrí dípò kó dúró lójú kan, ẹnu dírìlì náà ti wọ́, ihò tó bá lu á máa tóbi ju mèche lọ. Tí ẹ bá tú ìka sílẹ̀, ó yẹ kó dúró lójú ẹsẹ̀. Jíà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, tí wọ́n kọ 1 àti 2 sí lórí. Kíní sábà máa ń yí nǹkan bíi ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Ìkejì máa ń dé 1300 tàbí 1500, ṣùgbọ́n kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó ń gba mèche dé mílímítà 10 tó. Mọ́tò tí kò ní charbon (èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò) wọ́n díẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: kì í tètè gbóná, bátìrì ń pẹ́ lórí rẹ̀, kò sì sí charbon tó máa jẹ tán.

Ògiri ló ń tú àṣírí dírìlì kékeré. Ohun tó wà nínú ògiri ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, eruku tó ń jáde sì máa sọ ọ́. Eruku eérú tó ń dà bí ìyẹ̀fun ni bíríkì sìmẹ́ǹtì. Eruku pupa ni amọ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Kétu. Bí eruku bá dáwọ́ dúró, tí mèche ń yí lójú kan tí kò wọlé mọ́, òkúta tàbí ọ̀pá irin inú kọnkéré ló kàn. Títì mọ́ ọn kò ní ṣe ju kó jó ẹnu mèche lọ.

Fún bíríkì, mèche tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀pá rẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n jó irin líle mọ́ lórí, ni a ń lò. Cheville ni ike tí a ń tì sínú ihò kí súkúrù lè ríbi dì mú: ti mílímítà 6 ń gba mèche 6 àti súkúrù mílímítà 4 sí 5. Cheville 8 ń gba mèche 8 àti súkúrù 5 sí 6. Ẹ wọn gígùn cheville, ẹ fi mílímítà 10 kún un, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ mèche níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Bí ihò bá ti dé, ẹ fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde kí ẹ tó ti cheville wọlé. Eruku yẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ cheville fi ń yí pẹ̀lú súkúrù, tí ènìyàn á sì rò pé cheville náà ni kò dára.

Bíríkì wa sábà máa ń jẹ́ oníhò. Ara rẹ̀ kò nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, lẹ́yìn ìyẹn òfìfo ni. Ẹ̀yin fúnra yín máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: dírìlì á ṣàdédé jìn síwájú. Bí ẹ bá ti yí i sí ipò tó ní àmì òòlù nígbà náà, ẹ̀yìn bíríkì ti fọ́ dànù, cheville lásán kò sì ní dúró mọ́. Ẹ lu bíríkì oníhò láìsí òòlù, kí ẹ sì ra cheville tó máa ń là tàbí tó máa ń sorapọ̀ nínú òfìfo. Ògiri amọ̀ tún yàtọ̀: ihò ń gbòòrò nínú rẹ̀, cheville kékeré kò sì ríbi dì mú. Èèkàn igi líle tó nípọn bíi mílímítà 15, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8, tí wọ́n fi òòlù gbá wọ inú ihò tó há fún un, dára níbẹ̀; inú igi yẹn ni súkúrù á wá wọ̀.

Irin kọ́tìnì ló sábà máa ń dójú ti dírìlì aláìlókùn. Òkè fèrèsé gan-an ni a fẹ́ gbé e sí, ibẹ̀ sì ni linteau wà, kọnkéré tí ọ̀pá irin wà nínú rẹ̀. Àmì òòlù tó wà lára àwọn dírìlì kékeré kò lè ṣe é. Ohun tó wà nínú wọn ni irin roboto méjì tó ní eyín, tó ń fò lórí ara wọn. Bí ènìyàn bá ṣe tì í tó ni ó ṣe ń gbá tó. Ẹ̀rọ SDS-plus, ìyẹn dírìlì olóòlù gidi tí a ń lò fún kọnkéré, ní písítìnnì tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ náà ló ń sọ òòlù inú rẹ̀ síwájú, ẹni tó dì í mú kò sì ní tì í púpọ̀. Fún ihò mẹ́rin lórí linteau, ẹ yá a lọ́wọ́ bíríkìlà tàbí oníná tó bá ní, dípò kí ẹ pa mọ́tò dírìlì yín. Ọgbọ́n mìíràn ni kí ẹ de irin kọ́tìnì mọ́ pákó gígùn kan, kí ẹ wá lu pákó náà mọ́ ògiri ní ibi tó kọjá etí linteau, bí ilé náà kò bá ní kọnkéré tó lọ yípo gbogbo ògiri.

Kí ẹ tó lu ibikíbi, ẹ wo ihò iná àti swíìṣì tó wà lára ògiri yẹn. Wáyà tó wà nínú ògiri sábà máa ń gòkè tààrà láti ara wọn. Ẹ yẹra fún òkè àti ìsàlẹ̀ wọn.

Nínú igi, ohun tí ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìkánjú. Ìrókò, apá àti tíìkì tó gbó kì í gba súkúrù láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ luhò fún un: mílímítà 3 fún súkúrù 4, 3.5 sí 4 fún súkúrù 5. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yálà pákó á la, tàbí orí súkúrù á já tí ìyókù á há sínú igi. Àwọn káfíńtà máa ń fi ọṣẹ pa súkúrù lára kó lè yọ̀ wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọṣẹ máa ń fa omi mọ́ra, irin á sì dípẹtà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ẹ fi àbẹ́là pa á dípò rẹ̀. Nínú ìrókò, nígbà mìíràn, nǹkan funfun líle kan wà tó dà bí òkúta ẹfun. Mèche tuntun lè kú lójú ẹsẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró gíga tó ń han létí lójijì, ẹ fa mèche jáde kí ẹ sún ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fún súkúrù, jíà 1 ni. Òrùka tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ lẹ́nu dírìlì ló ń sọ ìgbà tí ẹ̀rọ máa jáwọ́: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kékeré bíi 5, bí ó bá ń dún tá-tá-tá kí orí súkúrù tó wọ pákó tán, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ipò àmì mèche ní orí òrùka yẹn kì í jáwọ́ rárá; ihò lílu nìkan ni ẹ fi í fún. Ọ̀pọ̀ ló ń rojọ́ pé ẹnu ìyí-súkúrù ń yọ̀, tó ń jẹ orí súkúrù. Lọ́pọ̀ ìgbà, PH ni wọ́n fi sórí súkúrù PZ. Àgbélébùú ni méjèèjì, ṣùgbọ́n orí PZ ní ìlà tín-ín-rín mẹ́rin mìíràn láàárín apá àgbélébùú náà. Súkúrù igi tó wá láti Yúróòpù, PZ2 ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ ra PZ2 méjì àti PH2 kan, ẹ ti kúrò nínú wàhálà yẹn.

Irin kò fẹ́ eré. Fún páìpù onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe gẹ́ètì, ẹ fi ìṣó líle gbá ojú ihò kí mèche má bàa yọ̀, ẹ kán epo ẹ́ńjìnnì sí i, ẹ sì lo mèche tí wọ́n kọ HSS sí lára. Mèche mílímítà 6 ń fẹ́ nǹkan bíi 1100 ní ìṣẹ́jú kan, 10 ń fẹ́ nǹkan bíi 700. Ihò 10, ẹ kọ́kọ́ lu 4. Irin tó ń jáde bí okùn tó lọ́ ni iṣẹ́ tó ń lọ dáadáa. Bí ó bá di lẹ́búlẹ́bú tí ẹnu mèche sì ń di búlúù, eré ti pọ̀ jù, mèche náà ti kú. Páànù tàbí irin pẹlẹbẹ, ẹ má fi ọwọ́ dì í mú. Ìgbà tí mèche bá fẹ́ yọ sí òdì kejì ni ó máa ń há, irin náà á sì yí pẹ̀lú rẹ̀ bí abẹ. Ẹ fi fáìsì tàbí kílàmpù dè é mọ́ tábìlì. Ẹ ká ọwọ́ bùbá sókè, ẹ tú ìborùn kúrò lọ́rùn, kí ẹ sì fi awò bo ojú, àgàgà nígbà tí ẹ bá ń lu òkè.

Ooru ló ń pa bátìrì ju iṣẹ́ lọ. Ẹ má fi í sílẹ̀ lábẹ́ páànù òrùlé tàbí nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn Ṣábẹ̀ lọ́sàn-án. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tó ń gbóná lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó tutù fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó so ó mọ́ iná. Ọ̀pọ̀ ṣájà á kọ̀ ọ́, á máa ṣẹ́jú pupa, ènìyàn á sì rò pé ó ti bàjẹ́. Bí iṣẹ́ bá jìnnà, ẹ má tọ́jú rẹ̀ ní kíkún tàbí ní òfìfo: kó wà láàárín, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára dírìlì, kí ẹ sì fi iná díẹ̀ kún un lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tó bá ti gbẹ pátápátá fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣájà kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, ó sì léwu láti fi wáyà tààrà jí i.