Ohùn Jẹ́jẹ́ Cowboy Junkies: Láti Inú Gáráàjì Dé Ṣọ́ọ̀ṣì

Àwọn aládùúgbò ló kọ́kọ́ ní kí ariwo wọn dínkù. Ní ọdún 1985, ní òpópónà Crawford nílùú Toronto, ní Kánádà, àwọn ọ̀dọ́ kan háyà ilé, wọ́n sì sọ gáráàjì rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń dánra wò. Ilé fún mọ́ ilé níbẹ̀. Bí jìtá bá ti dún jù, ẹjọ́ dé, ọlọ́pàá náà a sì máa wá. Wọ́n bá rẹ orin sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn tí ayé mọ ẹgbẹ́ olórin Cowboy Junkies mọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Michael Timmins àti Alan Anton, ọ̀rẹ́ láti kékeré, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé ni. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n ti dá sílẹ̀ ṣáájú, Hunger Project àti Germinal, kò sì sí èyí tó dúró. Peter, àbúrò Michael, bọ́ sídìí ìlù. Ó ku ẹni tí yóò kọrin. Michael lọ bá Margo, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Margo gbà, ṣùgbọ́n ojú ń tì í: ó ní ẹ̀gbọ́n òun nìkan lòun máa kọ́kọ́ kọ ọ́ sí létí, kó bá òun wò ó bóyá ó dára.

Ohùn Margo kì í ròkè. Bí jìtá bá gbóná díẹ̀, ó ti bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn wọn nìyí: wọn ò sọ fún un pé kó pariwo. Àwọn ọkùnrin ló fà sẹ́yìn. Peter gbé ọ̀pá ìlù sílẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì lù ú, títí ohùn obìnrin náà fi yọ.

Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, Latent Recordings. Inú gáráàjì yẹn náà ni wọ́n ti gba àwo àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1986, pẹ̀lú máíkì kan ṣoṣo tí Peter Moore, ẹni tó bá wọn gba orin náà sílẹ̀, gbé wá. Wọ́n wa ọkọ̀ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, orin kọ́ńtìrì ibẹ̀ sì wọ̀ wọ́n lára.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1987, wọ́n gbé máíkì kan náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity ní Toronto. Wọ́n sọ fún àwọn tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì pé Timmins Family Singers làwọn, ètò Kérésìmesì fún rédíò làwọn fẹ́ gbà sílẹ̀. Máíkì wà láàárín, wọ́n pagbo yí i ká. Máíkì kan kò gba àtúnṣe lẹ́yìn: bí àkọ́díọ̀nù bá dún jù, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò sún sẹ́yìn, bí jìtá ò bá dún tó, olójìtá á sún mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi ń tún ìdúró wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Sípíkà kan ni ohùn Margo ń gbà jáde sínú agbo. Nígbà tí àkókò fẹ́ tán, wọ́n fún ẹ̀ṣọ́ ní dọ́là 25, kó fi wákàtí méjì kún un.

Àwo yẹn ni The Trinity Session. Àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Ní 1988 ni RCA, ilé-iṣẹ́ àwo ńlá kan, gbà á, ó sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ ní Amẹ́ríkà. Bí o bá tẹ́tí sí i dáadáa, wàá gbọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn orin.

Lẹ́yìn RCA, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ àwo mìíràn, Geffen. Nígbà tí ìyẹn parí, wọ́n padà sí Latent tiwọn. Ní 2007, àwo Trinity Revisited jáde, inú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ti gbà á. Àwọn mẹ́rin náà ni, kò sẹ́ni tó kúrò. Ní 2023 wọ́n gbé Such Ferocious Beauty jáde. Orin tó ṣí àwo náà dá lórí bàbá àwọn ọmọ Timmins, tí àrùn ìgbàgbé gba ìrántí lọ́wọ́ rẹ̀. Michael ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Margo ló gbé e, Peter wà nídìí ìlù.