Rídíìmù gìtá nínú orin rọ́ọ̀kì: iṣẹ́ wo ni Malcolm Young ń ṣe lẹ́yìn?

Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, onígìtá méjì ló máa ń wà. Ọ̀kan ń ta líìdì: òun ló ń fi okùn gìtá kọrin, òun sì ni kámẹ́rà ń wá kiri. Èkejì ń ta rídíìmù. Ẹni ẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àwọn kan gbà pé ẹni tí kò lè ta líìdì ni wọ́n ń fi sídìí rídíìmù. Irọ́ ni.

Títa rídíìmù ni kí èèyàn máa ta kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń dún pọ̀, kí ó sì máa bá ìlù rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin. Ọwọ́ òsì ló ń yan ohùn, ọwọ́ ọ̀tún ló ń pín àkókò. Ẹni tó bá gbọ́ ìlù dùndún dáadáa ti mọ ètò yìí tẹ́lẹ̀: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele ń tún tirẹ̀ wí láìyẹsẹ̀. Bí omele bá ṣìnà, ìyáàlù ò rí ibi gùn lé.

Ẹni tí mo máa ń fún àwọn èèyàn gbọ́ tí wọ́n bá bi mí ni Malcolm Young ti ẹgbẹ́ AC/DC. Glasgow ní Scotland ni wọ́n bí òun àti Angus àbúrò rẹ̀ sí, kí ẹbí wọn tó kó lọ sí Sydney ní Australia ní 1963. Ní 1973, àwọn méjèèjì dá AC/DC sílẹ̀. Angus ló ń wọ aṣọ ọmọ iléèwé pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, òun ló ń sáré káàkiri orí ìtàgé. Malcolm ní tirẹ̀ á dúró sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù. Bó bá tó àkókò láti gbe orin, á bọ́ síwájú síbi makirofóònù, á gbè é, á sì padà sẹ́yìn.

Ẹ wá gbọ́ “Back in Black”, orin wọn ti 1980. Onílù á kọ́kọ́ fi háíhàtì, àwo irin méjì tó wà lára ìlù rẹ̀, ka iye, lẹ́yìn náà ni gìtá á wọlé: kọ́ọ̀dù E lẹ́ẹ̀kan, D lẹ́ẹ̀mẹ́ta, A lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbàm. Gba-gba-gbàm. Gba-gba-gbàm. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta yìí wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gìtá. Kí ló dé tí kì í fi í dún bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ibi tí gìtá kò ti dún ni kí ẹ tẹ́tí sí. Bí Malcolm bá ti gbá E, kì í jẹ́ kí okùn máa hó lọ. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bo okùn, ó sì ń tú ìka òsì díẹ̀ sílẹ̀, ohùn á gé lójú ẹsẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni ìlù Phil Rudd, onílù wọn, ti ń yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí ìka ń wà, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tó yẹ kí okùn dákẹ́, nítorí náà gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ra wọn. Gbígbá rọrùn, dídá ohùn dúró lákòókò, tí kò yá jù tí kò sì pẹ́ jù, fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, ló ṣòro.

Ìkejì ni bí ohùn náà ṣe mọ́ tó. Bí wọ́n bá yí áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, dé góńgó, ohùn á há. Híhá yẹn dùn létí bó bá jẹ́ ohùn kan ṣoṣo. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á bí àwọn ohùn mìíràn tí kò sí lórí okùn kankan, àwọn yẹn ló sì ń da kọ́ọ̀dù rú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onírọ́ọ̀kì fi ń ta páwà kọ́ọ̀dù: dò àti sò nìkan, wọ́n á yọ mì sílẹ̀. Malcolm máa ń ta kọ́ọ̀dù tó pé, torí pé ó ń yí áńpù tirẹ̀ sílẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Gìtá Gretsch àtijọ́ ló ń lò, ó sì yọ èyí tó wà nítòsí ọrùn kúrò nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn okùn. Ẹyọ kan ló kù síbẹ̀. Ó so okùn tó nípọn mọ́ ọn, ó sì ń fi agbára gbá a. Ọwọ́ rẹ̀ ni bíbú yẹn ti ń wá.

Keith Richards, onígìtá ẹgbẹ́ Rolling Stones, gba ọ̀nà mìíràn. Ó yọ okùn tó nípọn jù kúrò, ó sì tún márùn-ún tó kù ṣe sí G-D-G-B-D, kí kọ́ọ̀dù ti wà nílẹ̀ kó tó fi ìka kankan kàn án. “Honky Tonk Women” ti 1969 ni kí ẹ fi gbọ́ èyí. Ṣáájú wọn, Bo Diddley ti fi ẹyọ kọ́ọ̀dù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé odidi orin ní 1955 ní Amẹ́ríkà. Bó ṣe ń gbá a sún mọ́ kiláfè, ìlù ìpìlẹ̀ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú orin àwọn ará Cuba, gan-an, ẹni tó bá ti jó háíláìfù rí kò ní béèrè ibi tí òun ti gbọ́ ọ.

Ẹ fi nǹkan sétí gbọ́ AC/DC, ohun èlò tó ń ti etí òsì àti ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló dára jù. Gìtá méjèèjì kì í sábà wà lápá kan náà. Bí Angus bá bẹ̀rẹ̀ líìdì, ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹ dúró ti ẹni tó kù, kí ẹ gbọ́ bí kò ṣe ní fi ohunkóhun kún ti ọwọ́ rẹ̀.

Ní 2014, àìsàn ìgbàgbé mú Malcolm kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Ó kú ní oṣù kọkànlá 2017. Wọn kò wá gbajúgbajà onígìtá kankan dípò rẹ̀. Stevie Young, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, tó ti dúró fún un rí ní 1988, ni wọ́n pè, ohun tí Malcolm ń ta gan-an ló sì ń ta.