Páàsì Mọ́mì Kò Dé Orí Rélùwéè

Ìyá kan wọ ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ kan, ó gbé ìwé owó ìtanràn lé orí tábìlì mi bí ẹni gbé ẹjọ́ lọ sáàfin. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ìta ààlà London ló sì ń gbé. Páàsì bọ́ọ̀sì rẹ̀, káàdì tí àwọn àgbà fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, ló fi wọkọ̀ dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ́jọ́ náà, ó bá wọlé, ó jókòó, àfi ìgbà tí òṣìṣẹ́ tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, páàsì yìí kò dé orí rélùwéè o, mà." Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ìjọba kan náà ló ni gbogbo ẹ̀ ni?"

Ọgbọ́n inú ìbéèrè yẹn pọ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. N ó padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìtanràn náà, torí ó ń ká ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa mọ́ ọkọ̀. £100 ni ní England, láìka owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Béèyàn bá tètè san án kí ọjọ́ mọ́kànlélógún tó pé, ó di £50. Láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún yẹn náà lèèyàn lè kọ̀wé pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ má fi ìwé náà pa mọ́ sábẹ́ Bíbélì nítorí ìtìjú. Ìyá tí mò ń wí yìí ti fi í pa mọ́ fún ọjọ́ méjìdínlógún kó tó mú un wá.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2008, àgbàlagbà tó bá ti tó ọjọ́ orí tí òfin sọ ń wọ bọ́ọ̀sì àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ jákèjádò England, láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ sí aago mọ́kànlá alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, àti látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ní Sátidé, Sunday àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ọjọ́ orí náà bá ti owó ìfẹ̀yìntì ìjọba rìn: ó ti di 66, yóò sì máa sún lọ sí 67 láàárín ọdún 2026 sí 2028. Bọ́ọ̀sì nìkan ni òfin náà dárúkọ. Káńsù tó bá wù kó jẹ́, dandan ni kó ṣe é.

Òfin mìíràn wà, ti ọdún 1985, tó gba káńsù láyè láti fi ọkọ̀ ojú irin kún un, bó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì ti àpò ara wọn san owó rẹ̀. "Bó bá wù wọ́n" yìí ni gbogbo wàhálà. Ẹ̀tọ́ ni bọ́ọ̀sì, oore ni rélùwéè. Ọjọ́ tó bá sú olóore, ta lẹ máa pè lẹ́jọ́?

Àwọn ará South Yorkshire mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ tipẹ́, ní ọdún 2014 ni wọ́n fagi lé e nítorí àìtó owó. Àwọn àgbà Barnsley àti Sheffield kò gbà. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n ń wọ ọkọ̀ láìra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń kọrin, ọlọ́pàá tilẹ̀ mú ẹni méjì nínú wọn. Ariwo yẹn kò já sófo: wọ́n dá ọ̀fẹ́ padà fún àwọn aláàbọ̀ ara, wọ́n sì ní kí àwọn àgbà máa san ìdajì owó. Ìdajì yẹn náà, oore ṣì ni.

Ẹ wá wo ohun tí ààlà ń ṣe. Ìyá kan ń gbé ní Barnehurst, lábẹ́ káńsù Bexley, ní London. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé ní Dartford, ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Kent ni Dartford wà. Àwọn méjèèjì fẹ́ lọ ra ẹ̀wẹ̀dú àti ẹja gbígbẹ ní Peckham. Ti Barnehurst ní Freedom Pass, páàsì ọ̀fẹ́ àwọn àgbà London tó dé orí rélùwéè: tí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ bá ti lù, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó dé Peckham Rye láìná kọ́bọ̀. Ti Dartford yóò sanwó nínú ọkọ̀ kan náà, lórí ìjókòó tó kángun sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tí kò bá fẹ́ sanwó, kó wọ bọ́ọ̀sì 96 lọ sí Woolwich, kó wá wọ 177 níbẹ̀. Yóò dé Peckham lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi léèrè bí ìrìn náà ṣe rí.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ní West Midlands, ẹni tó ní páàsì àgbà ń wọ ọkọ̀ ojú irin àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ tí ìgbà èrò bá ti kọjá. Ní Liverpool àti agbègbè rẹ̀, láti ẹni 60 ọdún ni, tọkọ̀ ojú omi tọkọ̀ ojú irin. Northern Ireland náà, láti 60. Ẹni tó bá ti di 65 níbẹ̀ lè gba ojú irin kọjá lọ sí Dublin. Láti 1967 ni Ireland olómìnira ti ń gbé àwọn àgbà tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Manchester ló wù mí jù: £10 lọ́dún, ẹ fi kún páàsì yín, ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú irin àti táràmù ní gbogbo agbègbè náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ọ̀fẹ́ pátápátá ló yẹ ká máa bèèrè. Èmi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ohun téèyàn ń fi £10 dì mú máa ń ṣòro fún káńsù láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kù sórí ìbéèrè Mọ́mì: ta ló ni ọkọ̀? Tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń wa ọ̀pọ̀ rẹ̀. Káńsù tó bá fẹ́ kí àwọn àgbà wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní láti san owó tí ilé iṣẹ́ náà bá pàdánù, àríyànjiyàn kì í sì í tán lórí iye ẹni tí ì bá sanwó ká ní kò sí páàsì. Ní ọdún 2024 ni òfin gbé ọkọ̀ ojú irin èrò padà sọ́wọ́ ìjọba. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ South Western Railway ló kọ́kọ́ bọ́ sí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2025; c2c àti Greater Anglia tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì, ó ti ń di ti ìjọba kan náà. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa ṣá: àpò káńsù yàtọ̀ sí àpò ìjọba àpapọ̀, wọn kì í sì í yá ara wọn lówó tẹ̀ríntẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń lọ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ pẹ̀lú ìjókòó òfìfo yóò lọ náà ni, àgbà jókòó sínú rẹ̀ tàbí kò jókòó.

Kí ọ̀fẹ́ rélùwéè tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo yín, ẹ ra Senior Railcard, káàdì ẹ̀dínwó ọkọ̀ ojú irin fún àwọn àgbà. £35 ni lọ́dún, láti ẹni 60 ọdún, ó sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó tíkẹ́ẹ̀tì, àyàfi láàárọ̀ tí èrò bá pọ̀ ní agbègbè London. Tẹ́ ẹ bá ń lo Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní London, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ Underground so ó mọ́ ọn fún yín. Káàdì báǹkì kò lè gbé e. Ará London tó ti pé 60 kò sì ní láti dúró dé 66 kó tó máa wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: Oyster onífọ́tò ti ẹni ọgọ́ta ọdún wà, ẹ bèèrè rẹ̀.

Ìyá tó wá láti Ìbàdàn wá tọ́jú ọmọ tuntun ńkọ́? Kò lè gba páàsì bọ́ọ̀sì, torí kì í ṣe ibí ló fi ṣe ilé. Ṣùgbọ́n Railcard kò béèrè ibi téèyàn ń gbé, ọjọ́ orí nìkan ló ń béèrè. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rẹ̀ tó.

Mọ́mì san £50 rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ká kọ lẹ́tà sí kánsẹ́lọ̀ àdúgbò òun. Ó ń fi Yorùbá sọ ọ́, mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má gbàgbé láti fi sí i pé bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé ọ̀rẹ́ òun kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday.