Pelódà àtijọ́: títún un ṣe àti wíwá ẹ̀yà rẹ̀

Pelódà jẹ́ ẹ̀rọ ńlá onítáyà mẹ́rin, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n fi ń kó iyẹ̀pẹ̀, òkúta àti yanrìn. Èyí tí àwọn tó ń tún un ṣe ń pè ní àtijọ́ ni èyí tó jáde láti ìparí àwọn ọdún 1930 títí dé àwọn ọdún 1970, kí kọ̀ǹpútà tó wọ inú ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ojú lè rí, tí ọwọ́ sì lè fi kálípà wọ̀n. Wíwá ẹ̀yà ló máa ń sọ iṣẹ́ náà di ọdún gbọọrọ, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ara pelódà sábà máa ń ra ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì, pọ́ǹpù, àní ásù tó gbé táyà ró, lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń fi orúkọ pelódà wá béárìn lè wá a títí kó má rí i. Ẹni tó bá nu ẹ̀gbẹ́ béárìn náà, tó ka nọ́ńbà tí wọ́n lù sí i, lè rà á lọ́jọ́ kan náà lórí àtẹ àwọn tó ń ta béárìn lásán.

Orúkọ àti ìran àwọn ilé-iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ pelódà fúnra rẹ̀ wá láti ara Payloader, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Frank G. Hough ní Libertyville, ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, fi ń ta ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní 1947 ni Hough gbé HM jáde, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fa ẹ̀rọ, tí haidirọ́líìkì (agbára epo tí pọ́ǹpù ń tì) sì ń gbé apá rẹ̀ sókè. International Harvester ra Hough ní 1952. Dresser gba ẹ̀ka náà ní 1982, ó sì bá Komatsu da iṣẹ́ pọ̀ ní 1988. Ilé-iṣẹ́ Clark bẹ̀rẹ̀ sí ta pelódà Michigan ní 1954. Ọdún kan náà ni Bolinder-Munktell ní Sweden gbé H10 jáde, tí wọ́n kọ́ lórí katakata tí wọ́n yí iwájú rẹ̀ sẹ́yìn. Michigan àti Volvo BM (orúkọ tí Bolinder-Munktell wá ń jẹ́) pàdé ní 1985 nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pè ní VME, èyí tó di Volvo Construction Equipment lónìí. Pelódà Caterpillar àkọ́kọ́, 944, jáde ní 1959. Ti Allis-Chalmers di Fiat-Allis ní 1974.

Ìtàn ìran yìí wúlò lọ́jà. Nígbà tí wọ́n bá ta ilé-iṣẹ́ kan, àwòrán ẹ̀yà àti nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń bá olówó tuntun lọ, nítorí náà nọ́ńbà Hough lè ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn lábẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bákan náà ni gíábọ́ọ̀sì Clark: ẹ̀ka tó ń ṣe é di Clark-Hurth, Dana sì rà á ní 1997. Ẹni tó ní Michigan àtijọ́ lè rí àwo kílọ́ọ̀ṣì àti síìlì gíábọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹrù Dana, kódà bí àwọn tó ń ta pelódà bá ti sọ pé kò sí mọ́.

Kíkà ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ

Kí a tó tú ohunkóhun, a máa fọ ẹ̀rọ náà dáadáa, a sì máa wá gbogbo páálí irin kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ti pelódà sábà máa ń wà nítòsí ìjókòó awakọ̀ tàbí lára férémù. Ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì, ásù, pọ́ǹpù àti fáàfù haidirọ́líìkì ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A ya fọ́tò wọn, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí páálí bá ti bọ́, wọ́n lè ti lu nọ́ńbà náà mọ́ férémù: a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ọ̀dà kúrò, a sì fi ṣọ́ọ̀kì nù ún kó lè hàn.

Àṣìṣe kan tó ń jẹ owó ni kíka nọ́ńbà tó yọ síta lára irin dídà gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ẹ̀yà. Nọ́ńbà ìdàrin ni yẹn. Irin dídà kan náà lè di ẹ̀yà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbẹ́ ihò rẹ̀ tán, nítorí náà èyí tí a rà pẹ̀lú nọ́ńbà náà lè má wọlé. Inú ìwé ẹ̀yà ni nọ́ńbà gidi wà. Ẹgbẹ́ Historical Construction Equipment Association, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ wà ní Bowling Green, ìpínlẹ̀ Ohio, ní ibi ìkówèésí tó kún fún irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ẹ́ńjìnnì gan-an máa ń sọ púpọ̀. Perkins 4.236 ní sìlíńdà mẹ́rin, àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì kúbíìkì 236; 6.354 ní mẹ́fà àti 354. Katakata oko tó lo 4.236 pọ̀ gan-an, nítorí náà rínǹgì àti gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà káàkiri. Detroit Diesel 6-71 ní sìlíńdà mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì kúbíìkì 71. Ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi àti bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀yà rẹ̀ ti ń wá.

Wíwọ̀n nígbà tí kò sí nọ́ńbà

Béárìn oníbọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 62 tàbí 63 ní ìlànà tó rọrùn: láti 04 lọ sókè, ìlọ́po 5 nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ni ihò inú rẹ̀. Ihò 6208 jẹ́ mìlímítà 40. Síìlì ọ́ìlì ń lo ìwọ̀n mẹ́ta: ọ̀pá tó gba inú rẹ̀ kọjá, ihò tó jókòó sí, àti fífẹ̀ rẹ̀, bíi 50x72x8. Ọ̀pá àti ihò ni kí a wọ̀n. Síìlì tó ti pẹ́ nínú epo ti wú tàbí ti súnkì, ìwọ̀n rẹ̀ á sì parọ́ fúnni.

Ojú ìdè họ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà sábà máa ń lo irú eyín ìdè páìpù tí wọ́n ń pè ní NPT, ti Gẹ̀ẹ́sì ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní BSP. Ìdajì ínṣì àti ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì nínú méjèèjì ní eyín 14 nínú ínṣì kan, nítorí náà wọ́n á wọra wọn dé ìwọ̀n kan bí ẹni pé wọ́n bára mu. Ṣùgbọ́n igun eyín NPT jẹ́ dígíríì 60, ti BSP jẹ́ 55. Ìdè náà á máa jò, tàbí kó já nígbà tí agbára epo bá dé. Bákan náà, ojú irú ìdè họ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní JIC gé sí dígíríì 37, nígbà tí irú SAE kan tó fara jọ ọ́ gé sí 45. Fífún wọn pọ̀ pẹ̀lú ipá kò lè mú kí wọ́n bára mu. Géèjì eyín àti géèjì igun kò wọ́n, ó sì yẹ kí wọ́n wà lọ́wọ́ kí a tó ra họ́ọ̀sì kankan.

Bí pọ́ǹpù bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ohun mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó rọ́pò rẹ̀: iye epo tó ń tì jáde nínú yíyí kan, ojú tó fi so mọ́ ẹ́ńjìnnì, irú ọ̀pá rẹ̀ àti iye eyín tó wà lórí ọ̀pá náà, àti apá ibi tó ń yí sí. Pọ́ǹpù tó ń yí sí òdì kì í gbé epo síbi tó yẹ, ó sì sábà máa ń fọ́ síìlì ọ̀pá rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Haidirọ́líìkì

Kí a tó wọ abẹ́ ẹ̀rọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí irin ìdènà wà níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣẹ́ láàárín, kí a sì ti pa ẹ́ńjìnnì, kí a ti gbọn lífà láti tú agbára epo tó kù nínú họ́ọ̀sì sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá béèrè pé kí apá wà lókè, irin ìdúró tó lágbára ló gbọ́dọ̀ gbé e, kì í ṣe epo. A kì í fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò. Páálí oníwèé líle (káàdìbọ́ọ̀dù) ni a fi ń wá a. Epo tó ń tú jáde láti ihò bí abẹ́rẹ́ lè wọ inú ẹran ara láìfi egbò ńlá hàn. Ilé ìwòsàn ni ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí kò bá tíì dùn ún.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń rọra tẹ̀ síwájú fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀bi síìlì inú ráàmù (sìlíńdà tí epo fi ń ti bọ́kẹ́ẹ̀tì) tàbí ti fáàfù. Láti mọ èyí tó jẹ́, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, a dá a sẹ́yìn títí tó fi gbá ibi ìdúró rẹ̀, a pa ẹ́ńjìnnì, a tú agbára epo sílẹ̀, a sì yọ họ́ọ̀sì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tí epo kò ti tì í. A dí ẹnu họ́ọ̀sì náà gírígírí. A wá tan ẹ́ńjìnnì, a sì rọra fa lífà sí apá ìdásẹ́yìn nìkan. Bí epo bá ń jáde ní ojú ihò tó ṣí, síìlì písítọ̀n ti jẹ. Bí kò bá jáde, fáàfù ni kí a yẹ̀ wò. Ìdánwò yìí ti gba ọ̀pọ̀ ráàmù lọ́wọ́ títú lásán.

Ọ̀pá ráàmù tó dógùn-ún dé abẹ́ kúróòmù rẹ̀ á máa fá síìlì tuntun bí fáìlì. Yálà kí wọ́n bó o, kí wọ́n tún kúróòmù rẹ̀ ṣe, tàbí kí tọ́nà gé ọ̀pá kúróòmù tuntun tó ní ìwọ̀n kan náà, kó sì jó orí àtijọ́ mọ́ ọn. Síìlì aláwọ ti àwọn ọdún 1950 ṣeé fi polyurethane (irú ike líle tó dà bí rọ́bà) rọ́pò bí a bá mọ ìwọ̀n ihò tó jókòó sí.

Gíábọ́ọ̀sì àti ẹ́ńjìnnì

Ọ̀pọ̀ pelódà lo torque converter (ohun tó ń fi epo gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí gíábọ́ọ̀sì) àti gíábọ́ọ̀sì tí epo ń fún kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pọ̀. Géèjì agbára epo ni kí a kọ́kọ́ lò, kí a tó gbé gíábọ́ọ̀sì wálẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò lágbára láti wọ inú òkìtì lè má ní àìsàn ju fílítà tó dí tàbí páìpù tó ń fa atẹ́gùn. Bí agbára epo bá lọ sílẹ̀ nínú gíà kan ṣoṣo, síìlì kílọ́ọ̀ṣì gíà náà ni. Bó bá lọ sílẹ̀ nínú gbogbo wọn, pọ́ǹpù tàbí fáàfù ìdarí ni. A tún máa ń gé fílítà àtijọ́ sí méjì: lẹ́búlẹ́bú dúdú ń sọ pé àwo kílọ́ọ̀ṣì ń jẹ, irin aláwọ̀ idẹ ń tọ́ka sí búṣì, irin fúnfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì sábà máa ń wá láti inú torque converter. Ìdánwò dídá ẹ̀rọ dúró nínú gíà pẹ̀lú ìtẹ̀ kíkún kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, nítorí epo á gbóná kíákíá.

Ẹ́ńjìnnì tó ti gan kò gbọ́dọ̀ rí sítátà rárá. A yọ ínjẹ́tọ̀ tàbí púlọ́ọ̀gì, a da epo tó ń wọnú ìdógùn-ún sí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, a sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó fi irin gígùn rọra mì ín síwájú sẹ́yìn. Detroit oníṣísẹ̀ méjì fẹ́ ọ́ìlì SAE 40 alápá kan ti CF-2 (ìpele ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún dísù oníṣísẹ̀ méjì). 15W-40 tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì mìíràn ń lò kò bá a lára mu. Lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ tan án lẹ́yìn àtúnṣe, kí ẹnì kan dúró pẹ̀lú pátákó irin pẹlẹbẹ níbi ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn, nítorí bí ìdarí epo rẹ̀ bá há, eré rẹ̀ á máa pọ̀ sí i láìṣeé pa, àyàfi bí a bá dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn.

Bíréèkì, táyà àti férémù

Nínú bíréèkì, irú omi tó wà nínú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn kan ń lo omi bíréèkì DOT 3, àwọn mìíràn ń lo epo haidirọ́líìkì, rọ́bà wọn sì yàtọ̀. Epo tó bá dé ibi DOT á mú kí rọ́bà wú, bíréèkì á sì há tàbí kó jọ̀wọ́. Bí omi tí kò yẹ bá ti wọlé, gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ni a ó pààrọ̀. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn sábà ní asbestos (ohun tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró) nínú àwo bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì: a fi omi rin ín, a nù ún, a kì í fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Rímù onírínǹgì tí wọ́n tò pọ̀ ti pa àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn dájú. A máa yọ ẹnu fáàfù táyà pátápátá, kí afẹ́fẹ́ tán, kí a fi wáyà gun ihò náà láti rí i dájú pé kò dí, kí a tó fọwọ́ kan rínǹgì. Inú àgò irin ni a ti ń tún un fẹ́, a kì í sì í jó rímù tí táyà wà lórí rẹ̀. Nínú ìwọ̀n 20.5-25, fífẹ̀ jẹ́ ínṣì 20.5, rímù sì jẹ́ 25. A fi tépù wọ̀n àyíká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí táyà tí kò dọ́gba á máa fa ásù méjèèjì lòdì síra wọn títí gíà yóò fi fọ́.

Ojú ìṣẹ́ àárín àti àwọn ojú píìnì ni gíríìsì kì í tó. Nígbà tí búṣì bá ti jẹ tán, píìnì á jẹ ihò férémù fúnra rẹ̀. Nígbà náà, a ó jó irin kún ihò, a ó sì fi ẹ̀rọ ìgbẹ́hò tó tò tààrà gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Fífi píìnì tó tóbi jù sí i máa ń da ìlà ìtò rẹ̀ rú. Férémù ààbò orí awakọ̀ tí wọ́n ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ISO 3471 (ìlànà àgbáyé fún irú férémù bẹ́ẹ̀) kò gbọ́dọ̀ di ohun tí a lu ihò sí tàbí tí a jó láìsí àṣẹ ẹni tó ṣe é. Bó bá ti sán, a pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀dà ni ó kẹ́yìn. Ọ̀dà ofeefee àtijọ́ sábà máa ń ní òjé, nítorí náà ìbòmú tó yẹ ṣe pàtàkì nígbà fífá. Lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, a tún fún nọ́ọ̀tì táyà, a sì gé fílítà haidirọ́líìkì àti ti gíábọ́ọ̀sì láti wo ohun tó wà nínú wọn.