Ìtàn ogun ìlú Herat

Herat jẹ́ ìlú ńlá ní ìwọ̀-oòrùn Afghanístàn, ní àfonífojì odò Hari, kò sì jìnnà sí ẹnubodè Ìránì àti ti Turkmẹnístàn. Ẹni tó bá ń ti ìhà Ìránì bọ̀, tó ń lọ sí Kandahar àti Íńdíà, ibẹ̀ ni ọ̀nà tó rọrùn jù yóò gbé e gbà. Omi odò tí àwọn àgbẹ̀ fà wọ oko mú kí àlìkámà àti èso àjàrà pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ ogun tó bá gba Herat á rí oúnjẹ jẹ, ẹṣin rẹ̀ á sì rí koríko. Ìdí nìyí tí ọba tó bá ti lágbára ní agbègbè yẹn kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Alexander ará Masẹdóníà gba ibẹ̀ ní ọdún 330 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí wọ́n ń pe agbègbè náà ní Aria. Satibarzanes tó jẹ́ gómìnà túúbá, Alexander sì fi í sílẹ̀ lórí oyè. Bí ó ti kẹ́yìn sí i báyìí ni gómìnà ṣọ̀tẹ̀. Alexander pẹ̀yìn dà, ó paná ọ̀tẹ̀ náà, ó sì tẹ ìlú kan tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè dó. Ní sẹ́ńtúrì keje lẹ́yìn ìbí Jésù, ọwọ́ àwọn Lárúbáwá tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀tẹ̀ ló tún kó bá ìlú náà lọ́wọ́ àwọn Mongol. Nígbà tí Tolui, ọmọ Genghis Khan, dé ní 1221, àwọn ará ìlú túúbá. Ó pa àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ó sì dá àwọn yòókù sí. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi kàn pé wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn Mongol ní Parwan, níbòmíràn ní Afghanístàn; ni Herat bá dìde, wọ́n pa gómìnà tí wọ́n fi jẹ lé wọn lórí. Ẹgbẹ́ ogun mìíràn dó ti ìlú náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n sì wọlé ní 1222. Iye òkú tí àwọn òpìtàn ayé ìgbà náà kọ sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ìlú kan lè gbà lọ, ṣùgbọ́n ó dájú pé Herat dahoro fún ọdún púpọ̀.

Timur, ajagun-ṣẹ́gun láti Àárín Gbùngbùn Éṣíà, gbà á ní 1381. Ọmọ rẹ̀, Shah Rukh, sọ ọ́ di olú ìlú, ìyàwó Shah Rukh, Gawhar Shad, sì kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá àti ilé ẹ̀kọ́ sí ibi tí wọ́n ń pè ní Musalla. Àwọn Uzbek kó o ní 1507, àwọn Safavid ti Ìránì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1510, àwọn méjèèjì sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí di 1598. Nader Shah, tó wá di ọba Ìránì, náà fi ogun gbà á ní 1732.

Ìdótì tí gbogbo ayé gbọ́ jù ni èyí tí Mohammad Shah ti Ìránì gbé dé ní oṣù kọkànlá 1837. Ikọ̀ Rọ́ṣíà, Simonich, wà nínú ibùdó rẹ̀, ó ń dá a nímọ̀ràn. Eldred Pottinger, ọ̀dọ́ ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti pa ara dà wọ ìlú, sì wà nínú odi lọ́dọ̀ Yar Mohammad, tó jẹ́ olórí ìjọba fún Kamran, ọba Herat. Odi amọ̀ tó nípọn àti yàrà tó yí i ká ni wọ́n gbójú lé. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n tán, wọ́n lé àwọn arúgbó, obìnrin àti ọmọdé jáde. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 1838, àgbá dá odi lu, àwọn ọmọ ogun Ìránì sì ya bo ibi tó wó. Wọ́n ní Yar Mohammad fẹ́ padà sẹ́yìn, Pottinger sì di apá rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ lọ sójú ìjà. Ìlú ò bọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù Kharg láti fi dẹ́rù ba Ìránì, Shah sì kó ogun rẹ̀ lọ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án. Ìránì tún gbà á ní 1856, ogun Gẹ̀ẹ́sì àti àdéhùn Paris ti 1857 sì mú kí wọ́n fi í sílẹ̀. Dost Mohammad tó jẹ ọba ní Kabul ló wá gbà á ní 1863, ó sì kú síbẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Èyí tó dunni jù nínú ìtàn yìí, ọ̀tá kọ́ ló ṣe é. Ní 1885, ẹ̀rù ń bani pé Rọ́ṣíà ń bọ̀. Àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n wó Musalla, kí ìbọn lè rí ọ̀tá lọ́ọ̀ọ́kán. Abdur Rahman, ọba Afghanístàn, gbà, wọ́n sì wó o. Rọ́ṣíà kò wá. Àwọn ilé gogoro díẹ̀ ló kù, ìmìtìtì ilẹ̀ sì tún mú nínú wọn lọ. Márùn-ún ló ṣì dúró.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1979, àwọn ará Herat dìde sí ìjọba Kọ́múníìsì, àwọn sójà ìjọba ti Dífíṣọ̀n 17 tó wà nílùú sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọjọ́ 18, Nur Muhammad Taraki, olórí orílẹ̀-èdè, bá Kosygin, olórí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ní Moscow, sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó rán àwọn sójà Uzbek, Tajik àti Turkmen tó jẹ́ ti Sófíẹ́ẹ̀tì wá, kí wọ́n wọ aṣọ ogun Afghanístàn, kẹ́nikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Kosygin fèsì pé kò lè pa mọ́. Ìjọba fi ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ogun gba ìlú padà. Àwọn kan ka òkú sí 3,000, àwọn mìíràn sí 25,000. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Sófíẹ́ẹ̀tì kógun wọ Afghanístàn.

Ismail Khan jẹ́ kápítẹ́ẹ̀nì nínú Dífíṣọ̀n 17 náà. Ó di olórí ogun abẹ́lẹ̀, ó gba Herat ní 1992, àwọn Taliban lé e kúrò ní oṣù kẹsàn-án 1995, ó sì padà wọlé ní oṣù kọkànlá 2001. Ààrẹ Karzai yọ ọ́ nípò gómìnà ní 2004. Nígbà tí Taliban tún dé ní 2021, ó ti darúgbó, síbẹ̀ ó gbé ìbọn. Ìlú bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ. Wọ́n mú un, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Ìránì.