Ibi tí 364A ti wá ní Íńdíà, àti bí kòtẹ́milọ́rùn ṣe fi ìjánu sí i lẹ́nu

Tí wọ́n bá ti jí èèyàn gbé ní Íńdíà, tí àwọn ajínigbé wá ń béèrè owó, nọ́ńbà tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu lọ́yà ni 364A. Abala òfin yẹn le o. Ẹjọ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, kí wọ́n tún wá bu owó ìtanràn lé e, kò sí ìkẹta, adájọ́ tó bá rí i pé èèyàn jẹ̀bi ò lè sọ pé àánú ṣe òun kó wá já a sí ọdún mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ 364A kì í fi í sábà parí sí kóòtù tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n gbére fún, kí ló tún kù tó fẹ́ pàdánù tó bá pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn? Tèmi ni pé àwọn aṣòfin ló kọ 364A lóòótọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní 364A ní kóòtù lónìí, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Inú ìwé òfin ọ̀daràn Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Indian Penal Code ni abala yẹn wà. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Thomas Macaulay ló ṣáájú ìgbìmọ̀ tó kọ ọ́, wọ́n parí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1837, ó wá jókòó sínú dúrọ́ọ̀ títí ogun 1857 tí àwọn ará Íńdíà bá Òyìnbó jà fi bẹ̀rẹ̀ tó fi tán, kí wọ́n tó sọ ọ́ dòfin ní 1860, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 1862. Ìjínigbé wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá mú ọmọ lọ́wọ́ òbí láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n tí ò ju ọdún 7 lọ, abala 363 nìyẹn. Ẹni tó jí èèyàn gbé láti lọ pa á, 364. Ẹni tó jí obìnrin gbé láti fipá fẹ́ ẹ, ẹni tó jí èèyàn gbé láti fi ṣẹrú, gbogbo wọn ló ní abala tiwọn, àmọ́ owó ìtúsílẹ̀, kò sí abala tó dá dúró fún un. Kì í sì í ṣe pé kò sí irú ẹ̀ nílùú. Àwọn olè tó ń fi igbó àti kòtò Chambal ní àárín Íńdíà ṣe ibùgbé, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n bá mú, pakad.

(Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín díẹ̀ o. Ìwé òfin Macaulay yìí ni wọ́n gbé dé Sudan ní 1899, ti Sudan ni wọ́n sì wò kọ Penal Code ilẹ̀ Hausa àti gbogbo òkè ọya ní 1959. Nígbà tí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ń lo òfin tó wá láti Queensland ní Ọsirélíà, ọmọ-ọmọ òfin Íńdíà ni wọ́n fi ń dájọ́ ọ̀daràn ní Ìlọrin.)

Kòtẹ́milọ́rùn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Eléyìí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ìwé ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ṣe fún Íńdíà ní 1861 ti fàyè gba kí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sókè, Haikóòtù Calcutta, Bombay àti Madras sì ṣílẹ̀kùn ní 1862. England tó gbé òfin wá fún wọn, ìgbà wo ni wọ́n tó dá kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ọ̀daràn tiwọn sílẹ̀? 1907! Lẹ́yìn Haikóòtù, Privy Council, ìyẹn ìgbìmọ̀ adájọ́ tó wà ní London tó ń gbọ́ ẹjọ́ láti àwọn ilẹ̀ tí Òyìnbó ń ṣàkóso, ló kù, àwọn yẹn kì í sì í fẹ́ dá sí ẹjọ́ ọ̀daràn àfi tó bá burú kọjá àlà. Íńdíà já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn ní 1949, Súpírímù Kóòtù tiwọn wá bẹ̀rẹ̀ ní January 1950.

Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ní 1950 há gan-an. Tí Haikóòtù bá yí ìdáláre padà tó sì ní kí wọ́n pa èèyàn, ẹ̀tọ́ onítọ̀hún ni láti dé Súpírímù Kóòtù, àmọ́ àwọn tó kù á máa tọrọ àyè. Òfin 1970 ló fẹ̀ ẹ́ dé orí ẹ̀wọ̀n gbére àti ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá sókè. Ìwé ìlànà tuntun ti 1973 sì tún fìdí ohun kan múlẹ̀ tí mo fẹ́ràn: tí kóòtù Sessions, ìyẹn kóòtù àgbègbè tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá, bá dá ẹjọ́ ikú, bí ẹni tí wọ́n dá a fún ò tiẹ̀ pẹjọ́, dandan ni kí Haikóòtù yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni tó lè mú okùn.

Ó wá ku 364A fúnra ẹ̀. Ní 1971, ìgbìmọ̀ àtúnṣe òfin dábàá nínú ìjábọ̀ wọn kejìlélógójì pé kí ìjínigbé-gbowó ní abala tirẹ̀. Bílì wọlé, bílì ò dòfin, ọdún ń gorí ọdún. Ohun tó wá ta wọ́n jí kì í ṣe àwọn olè Chambal, wàhálà àwọn ajìjàgbara ní Punjab àti Kashmir ni. Ní December 1989, wọ́n jí ọmọbìnrin mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé gbé ní Srinagar ní Kashmir, mínísítà tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá gbogbo o, ìjọba sì ní láti tú àwọn ajìjàgbara márùn-ún sílẹ̀ kí ọmọ tó padà wálé. Ní May 1993, ilé aṣòfin fi 364A sínú ìwé òfin, wọ́n sì sọ ìdí ẹ̀ kedere: àwọn agbésùnmọ̀mí ń jí èèyàn gbé láti gbowó, láti dẹ́rù ba ìlú, àti láti gba àwọn èèyàn wọn kúrò látìmọ́lé. Ní 1995 wọ́n tún fi kún un pé bó jẹ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè tàbí àjọ àgbáyé ni wọ́n ń fi ìjínigbé fúngun mọ́, ọ̀kan náà ni.

Àmọ́ òfin tí wọ́n tìtorí agbésùnmọ̀mí ṣe ò dúró sọ́dọ̀ agbésùnmọ̀mí. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi mú awakọ̀, aládùúgbò, ọmọkọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá lé dànù, ẹnikẹ́ni tó bá ti mú ọmọ ọlọ́mọ tó wá fóònù bàbá rẹ̀. Ìbéèrè wá ń dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ òkè lóríṣiríṣi. Ní 2001, ó dé Haikóòtù Delhi: wọ́n bá lẹ́tà tó ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó mú ọmọ, àmọ́ kò tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ṣé ó ti béèrè nìyẹn? Wọ́n ní rárá, lẹ́tà tí ò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe ìbéèrè. Ní 2004, ẹjọ́ kan dé Súpírímù Kóòtù láti Karnataka, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n jí gbé níbẹ̀, òun gan-an ni wọ́n sọ fún pé owó làwọn máa gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kí bàbá tó gbọ́. Wọ́n ní ìyẹn tó, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tó máa sanwó.

Ní 2015 ni wọ́n wá dojú kọ òfin náà fúnra ẹ̀. Àwọn tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún nítorí ọmọ iléèwé kan tí wọ́n jí gbé ní Hoshiarpur ní 2005, tí wọ́n béèrè mílíọ̀nù 5 rúpì lórí ẹ̀, tí wọ́n sì pa á, sọ pé agbésùnmọ̀mí ni wọ́n ṣe 364A fún, àwọn ò sì í ṣe agbésùnmọ̀mí. Àwọn adájọ́ tí T.S. Thakur ṣáájú wọn ò gbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú òfin gba gbogbo èèyàn, ikú tó wà níbẹ̀ ò sì í ṣe dandan, adájọ́ ló máa yàn. Ó bọ́gbọ́n mu, mi ò ní purọ́.

Èyí tó yí gbogbo nǹkan padà ni ẹjọ́ oní-kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ní Hyderabad. Ní February 2011, ọmọ iléèwé kan wọ kẹ̀kẹ́ ẹ̀, dípò kó gbé e lọ sílé, ó mú un pa mọ́, ó fóònù bàbá, ó ní kó mú 200,000 rúpì wá. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì rí ọmọ gbà láàyè. Kóòtù dá ẹ̀wọ̀n gbére, Haikóòtù ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó di June 28, 2021 kí adájọ́ Ashok Bhushan àti R. Subhash Reddy tó ka abala yẹn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n ní ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbọ́dọ̀ pé. Kó jí èèyàn gbé tàbí kó há a mọ́. Kó halẹ̀ pé òun máa pa á tàbí òun máa ṣe é léṣe, tàbí kó hùwà tó máa jẹ́ kí ara ilé bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, tàbí kó tiẹ̀ ṣe é léṣe ní tòótọ́. Kó wá jẹ́ pé torí kí ẹnì kan lè sanwó tàbí kó ṣe nǹkan ló ṣe ṣe é. Èkíní wà, ẹ̀kẹta wà. Èkejì ńkọ́? Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló dúró ní kóòtù tó sọ pé wọ́n ṣe dáadáa sí òun. Àwọn adájọ́ ní wọn ò fi ẹ̀rí ìhalẹ̀ múlẹ̀, wọ́n gbé oní-kẹ̀kẹ́ kúrò lábẹ́ 364A lọ sábẹ́ 363 ti Macaulay àtijọ́, ẹ̀wọ̀n gbére di ọdún 7.

Mo mọ̀ pé inú máa bí ẹlòmíràn tó bá ka èyí, pàápàá ẹni tí wọ́n ti jí èèyàn ẹ̀ gbé rí. Bàbá wo ni wọ́n máa fóònù pé ọmọ ẹ wà lọ́wọ́ wa, mú owó wá, tí ara ẹ̀ ò ní gbọ̀n? Àmọ́ òfin tó lè pa èèyàn ni à ń sọ yìí o, ìbẹ̀rù tí gbogbo wa mọ̀ pé ó máa wà, olùpẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ mú un dé iwájú adájọ́. Ìgbà míì, iṣẹ́ tí wọn ò ṣe parí ló ń já a. Ní 2024, ẹjọ́ kan wá láti Tamil Nadu, ọmọ ọdún 8 ni wọ́n mú níbẹ̀, 500,000 rúpì ni wọ́n ní wọ́n béèrè. Àkọsílẹ̀ ìpè fóònù wà, àmọ́ sátífíkéètì tí òfin ní kó bá ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà rìn ò sí ńbẹ̀, kóòtù ò lè lò ó. Wọ́n tún já ìyẹn náà sí 363.

Láti July 1, 2024, Íńdíà ti pa ìwé Macaulay tì, Bharatiya Nyaya Sanhita ni wọ́n ń lò báyìí, 364A sì ti di abala 140, ìlà kejì. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ohun mẹ́ta tí wọ́n kà ní 2021 ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jínigbé kí ọjọ́ yẹn tó pé ṣì ń jẹ́jọ́ lábẹ́ 364A, ẹjọ́ irú wọn ṣì pọ̀ nílẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì á sì máa wọ Súpírímù Kóòtù pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.