Ìwọ̀n Bí Ẹ Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Mọ́lẹ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́ Ni Kí Ẹ Fi Yan Ìjókòó Rẹ̀

Àtàǹpàkò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ wò kí wọ́n tó rà á, èyí tó bá sì rọ̀ jù lọ ni wọ́n ń gbé lọ sílé. Àtàǹpàkò kọ́ ni yóò jókòó lé e. Egungun ìdí méjèèjì, tí ẹ máa ń mọ̀ lára bí ẹ bá jókòó sórí àpótí líle, ló yẹ kó gbé ìwúwo yín. Bí ìjókòó bá rọ̀ jù, wọn yóò rì sínú rẹ̀, fóòmù tó wú sókè láàárín yóò sì máa ti abẹ́ yín títí yóò fi kú.

Ẹ tẹ́ páálí sórí àga líle, kí ẹ jókòó lé e, kí ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹ ti ń ṣe lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ wá wọn àárín ojú méjì tó bá jin wọnú. Bí ìjókòó bá jẹ́ aláwọ, orí awọ ni egungun méjèèjì gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe orí irin tí wọ́n kan awọ mọ́ lẹ́yìn.

Ẹni tó ń jókòó ṣánṣán, tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga ju ìjókòó lọ, ìdí rẹ̀ ló ń gbé ohun gbogbo, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló sì ń lu eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà. Èyí tó fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 200, tó ní sípíríǹgì lábẹ́, ló yẹ ẹ́. Fún ẹni tó tẹ̀ síwájú díẹ̀, tó ń rin ọ̀nà jíjìn, mo fara mọ́ irú ìjókòó aláwọ B17 tí iléeṣẹ́ Brooks ń ṣe, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 175, tí kò ní sípíríǹgì. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an ńkọ́? Ìbàdí rẹ̀ ti yí síwájú, apá ibi tí egungun ti sún mọ́ra ló sì fi jókòó. Nǹkan bí 150 sí 160 ti tó o, nítorí èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa ha á nítan.

Awọ tuntun le bí pákó. Ó lè tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà kí ojú méjì kéékèèké tó yọ lórí rẹ̀, níbi tí egungun yín ń tẹ̀. Ẹ má ṣe fi òjò rọ̀ ọ́, ẹ má sì sáré fi sípánà kan nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ imú rẹ̀: ìgbà tí awọ bá rọ̀ wálẹ̀ nìkan ni à ń yí i, díẹ̀díẹ̀, torí awọ tí a bá ti nà jù kì í padà mọ́.

Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń yọ̀ síwájú ṣáá, tí ọrùn ọwọ́ sì ń dùn yín, ẹ gbé imú ìjókòó náà sókè díẹ̀ kí ẹ tó dá awọ lẹ́bi.